Láti Ìjà Òmìnira dé October 1: Ìlárá-Mọ̀kín àti Ìbéèrè Òmìnira nínú Sinimá

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn sinimá Yorùbá kí á má fẹnu ba lítíréṣọ̀ Yorùbá. Láti ìgbà tí àwọn òṣèré alárìnjò ti gbé eré wọn kúrò lórí ìtàgé sínú fíìmù ni ìwé àti sinimá ti di ọmọ ìyá. Sinimá méjì ni ó fi èyí hàn kedere. Èkíní ni Ìjà Òmìnira, tí Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, gbé jáde kí àwọn ọdún 1970 tó parí. Èkejì ni October 1, tí Kúnlé Afọláyan, ọmọ rẹ̀, darí, tí ó jáde ní ọdún 2014. Ìlárá-Mọ̀kín, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀ nítòsí Àkúrẹ́, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ya sinimá kejì yìí. Òmìnira ni baba àti ọmọ ń wí, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan rí nínú rẹ̀ kọ́ ni èkejì rí.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀nà náà ti wá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku oṣù mọ́kànlá. Tẹlifíṣàn yìí ni ó gbé àwọn òṣèré bí Moses Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá, wọ inú yàrá àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, tí Adé Love àti Dúró Ládiípọ̀ kópa nínú rẹ̀. Òun ni sinimá gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979 àti Jáyésinmi ní 1980. Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá tẹ̀ lé wọn ní 1982. Inú ẹgbẹ́ eré Bàbá Sàlá gan-an ni Adé Love ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Orí ìwé ìtàn àròsọ ni Adé Love gbé Ìjà Òmìnira lé. Ìwé náà ni Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tí ó jáde ní ọdún 1969, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kà fún ìdánwò. Nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn kan wà lábẹ́ ìsìn ìlú mìíràn títí àwọn ọ̀dọ́ fi dìde pé ìsìn náà tó gẹ́ẹ́. Ọ̀tá wà ní ìta, ó ní orúkọ, ó sì ní ibùjókòó. Bí a bá ti já okùn rẹ̀ kúrò lọ́rùn, a ti gba òmìnira. Ohun tí ìran tí ó rí ọdún 1960 fẹ́ gbọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí.

Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Ọdún 1974 ni wọ́n bí Kúnlé Afọláyan. Iṣẹ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ́kọ́ gbé e dé ojú àwọn òǹwòran nígbà tí ó ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà nínú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ di olùdarí: ó gbé Ìràpadà jáde ní 2006, ó sì gbé Àrárọ̀mirẹ tẹ̀ lé e ní 2009. Túndé Babalọlá ni ó kọ October 1 fún un.

Ọdún 1960 ni àhunpọ̀ ìtàn October 1 dúró lé. Òmìnira ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹnì kan ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní ìlú àròsọ kan tí ń jẹ́ Akote. Ìjọba amúnisìn rán ọlọ́pàá ọmọ Òkè-Ọya kan, Dan Waziri, tí Sadiq Daba ṣe, kí ó wá fi òpin sí i kí wọ́n tó fa àsíá òyìnbó wálẹ̀. Daba ti di ìlúmọ̀ọ́ká tipẹ́tipẹ́ lórí tẹlifíṣàn NTA nínú eré Cockcrow at Dawn. Ó kú ní ọdún 2021.

Ìlárá-Mọ̀kín wà lára àwọn ìlú tí ó yá Akote ní ojú àti ara. Ó yẹ kí á ronú sí èyí. Ní ọdún 2012 ni Yunifásítì Elizade, tí Olóyè Michael Adé-Òjó, ọmọ bíbí ìlú náà, dá sílẹ̀, gba ìwé àṣẹ. Ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní yunifásítì ni ó dúró fún ìlú tí ń yọ̀ pé ọmọ òun kan ṣoṣo kàwé gboyè. Ọmọ náà ni ọmọ ọba Adéròpò. Òun náà sì ni apànìyàn.

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Nígbà tí Adéròpò wà ní ọmọdé ní Èkó, òyìnbó àlùfáà tí a fi í sí lọ́wọ́ kí ó lè kàwé ń bá a ṣe ìṣekúṣe. Ọmọ kejì tí wọ́n jọ lọ sá padà sílé, ó di àgbẹ̀, ó sì búra pé ọmọ òun kò ní dé ilé-ìwé láé. Orúkọ rẹ̀ ni Agbẹ́kọ̀yà. Ẹni tí ó bá rántí rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 yóò mọ̀ pé orúkọ yìí kò ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Gbogbo ìlú ń pè é ní òpè, bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan ni ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ ọba lẹ́sẹ̀.

Níhìn-ín ni ọmọ ti yà kúrò lọ́nà baba. Ọ̀tá kò sí ní ìta mọ́. Ó ti wọ inú ọmọ lọ. Àsíá òyìnbó lè wálẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó náà ṣe sí ọmọdé kò bá àsíá wálẹ̀. Ìyà náà kò sì dúró lára ẹni tí ó jẹ ẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n san gbèsè rẹ̀. Bàbá ọ̀kan nínú wọn, tí í ṣe ọmọ Ìgbò, pa ará Òkè-Ọya kan tí kò jẹ̀bi láti fi gbẹ̀san, bí ẹni pé ogun abẹ́lé ọdún 1967 ti ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí Waziri mú òtítọ́ dé iwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ní kí ó gbé e mì nítorí ọjọ́ ayọ̀ orílẹ̀-èdè. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó sì gbé e mì.

Àwọn kan lè wí pé October 1 kì í ṣe sinimá Yorùbá, nítorí pé orúkọ rẹ̀ àti púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí Haúsá àti Ìgbò sì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé èdè rẹ̀ pọ̀. Síbẹ̀, ìlò èdè yẹn gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀. Waziri kò gbọ́ Yorùbá. Sájẹ́ǹtì Afọ̀njá, tí Káyọ̀dé Ọláìyá ṣe, ni ó ń bá a ṣe ògbufọ̀. Ara Òkè-Ọya àti Afọ̀njá tún pàdé: ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí Afọ̀njá Ìlọrin àti Álímì? Ìfìwàwẹ̀dá tí orúkọ ń gbé ró báyìí, ọgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ṣe ìwé kíkà yóò jèrè púpọ̀ bí ó bá fi sinimá méjèèjì kún un. Fálétí àti Adé Love ń béèrè ẹni tí ó dè wá. Kúnlé Afọláyan ń béèrè ohun tí a gbé mì ní ọjọ́ tí wọ́n tú wa sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní iṣẹ́ wọ̀nyí kò sì lè yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹni tí a fi ọmọ sí kí ó kọ́ ọ ni ìbàjẹ́ inú October 1 ti bẹ̀rẹ̀.