Ṣé ẹni tó ń wọ́ yín lára ní láísẹ́ńsì?

Bí ẹ̀yìn bá ń ro ẹni tó ń ru ẹrù ní Wáàfù Àpápá, tàbí tí rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá kan l'Ájégúnlẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n lọ wá ẹni tó máa bá a wọ́ ọ. Ẹni tó ní òróró pọ̀ o. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fisiotẹ́rápì gbọ́dọ̀ gboyè ní yunifásítì. Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní Nàìjíríà lọ́dún 1966. Yunifásítì Èkó náà ń kọ́ ọ ní Ìdí-Àràbà. Lẹ́yìn náà, á fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù kí MRTB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀, tó fún un ní láísẹ́ńsì. Ọdọọdún ló gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ dọ̀tun.

Ibi ìtọ́jú fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ HEFAMAA ti ìpínlẹ̀ Èkó ló ti ń forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó ń to eegun wà lábẹ́ Àjọ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀. Ìwé CAC tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ńkọ́? Orúkọ ilé iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ láti tọ́jú ara ẹnikẹ́ni.

Ní New York, wákàtí 1,000 ni ẹni tó fẹ́ máa ṣe masáàjì gbọ́dọ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́, ká má tíì sọ ti ìdánwò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wàhálà lásán. Ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú, tó ń gbóná, tó sì ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Tí wọ́n bá wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pààyàn. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ajéròmí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.