Ta Ló Ń Jẹ́ Dẹ́mọ̀?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá ti ṣorí kunkun, ìyá àgbà á ní, "Dẹ́mọ̀ ni ẹ́ jàre!" Mo wọ yunifásítì kí n tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ òṣèlú ni.

March 1964 ni wọ́n dá NNDP sílẹ̀. Olóyè S. L. Akíntọ́lá, Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn, ni olórí; Rẹ̀mí Fani-Kayode, ọmọ Ifẹ̀ níbí, ni igbákejì prẹ́míà. (Orúkọ ẹgbẹ́ tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ ní 1923 ni wọ́n mú, ẹ ò rí nǹkan.) Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò ju ẹyọ kan lọ: àwọn Ìgbò ti gba iṣẹ́ Yorùbá, ní Rélùwéè, ní Yunifásítì Èkó. Ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kò rí, ọ̀rọ̀ yẹn á dùn létí ẹ̀.

Bàbá ìyá àgbà gba káàdì Dẹ́mọ̀. Ṣé torí Ìgbò ni? Rárá o. Kòkó ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kò sì fẹ́ kí ìjọba gba láísẹ́ńsì rẹ̀. Èmi gbà pé irú wọn ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà.

Ìdìbò dé ní October 11, 1965. Wọn ò jẹ́ kí àwọn alátakò kan gba fọ́ọ̀mù, wọ́n yí èsì ìbò, wọ́n ní àwọn wọlé. Kò pẹ́, owó kòkó já wálẹ̀ tó nǹkan bí ìlàjì. Ìjọba Dẹ́mọ̀ ló gé e, kì í ṣe Ìgbò kankan. Ni wẹ́tiè bá bẹ̀rẹ̀: bẹntiróò sára ilé, sára mọ́tò, sára ènìyàn. Ilé bàbá yẹn wà lára èyí tó jó. January 15, 1966, àwọn ṣọ́jà pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn; nígbà tó máa fi di May, wọ́n ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́.

Ẹ wá wo UKIP nílùú Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀rọ̀ àjèjì gbé dókè bákan náà. Ìbò tó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n rí ní 2015. Ní 2017, kò tó 600,000. Ìbò ló gbé wọn sókè, ìbò náà ló sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Tiwa, wọn ò jẹ́ ká fi ìbò sọ ọ́ kalẹ̀, iná ló sọ ọ́.

March 2023, nígbà ìdìbò gómìnà l'Ékòó, ẹnìkan ń sọ lórí rédíò pé kí àwọn Ìgbò padà sílé wọn. Ìyá àgbà ní kí n pa á.