Bí Èkó ṣe jìnnà sí Ìlọrin tó lójú òfuurufú

Bí wọ́n bá na okùn tààrà láti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà dé ti Ìlọrin, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn pè, nǹkan bíi kìlómítà 245 ni yóò jẹ́. Ọ̀nà ilẹ̀ tó gba Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá tó 300. Ìjàǹbá ọkọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yìí wà lára ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn wọ bàálù.

Lójú ìṣirò, bàálù tó ń sáré kìlómítà 800 láàárín wákàtí kan kò yẹ kó lò ju ìṣẹ́jú 19 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí bàálù tó gòkè tán, kó sì ráyè sá eré náà dáadáa, awakọ̀ rẹ̀ ti ń múra àtisọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 sí 45. Kódà, bàálù alábẹ̀bẹ̀ bíi ATR 72, tí eré tiẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 500 lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ jù ú lọ.

Àkókò tí wọ́n kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì tún gùn ju èyí lọ, nítorí láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí ni wọ́n ti ń kà á. Wọn kò ka sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìkẹjà mọ́ ọn o, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ka ìdúró fún àyẹ̀wò ẹrù.

Ti ọyẹ́ ló le jù. Eruku rẹ̀ a máa bo ojú sánmà débi pé bàálù kò ní lè gbéra. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ ní kóòtù Ìlọrin láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kínní, ọjọ́ tó ṣáájú ni kó ti wọkọ̀.