Ọwọ́ Tó Fọ Fọ́tò Bàbá Wa

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjàre, fọ́tò dúdú àti funfun ṣì wà lára ògiri pálọ̀: bàbá wọ agbádá, ó jókòó sórí àga, ìyá dúró tì í. Àwọn kan nínú wọn ṣì dúdú dáadáa dòní. Àwọn mìíràn ti pọ́n, ojú ẹni inú wọn sì ń parẹ́ lọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń rò pé kámẹ́rà kan ló dáa ju èkejì lọ. Omi ló sábà máa ń fa ìyàtọ̀ náà. Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ lọ́dún 1976, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó fọ fọ́tò wọ̀nyí kò ní orúkọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tó wà lójú bébà fọ́tò ni iyọ̀ fàdákà tí wọ́n pò mọ́ jẹ̀látíìnì. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí jẹ̀látíìnì. Ẹni tó bá ti rí bí omi ẹsẹ̀ màlúù ṣe ń dì nínú ìkòkò láàárọ̀ ọyẹ́ ti mọ bó ṣe ń ṣe. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Leach Maddox, ló kéde àpòpọ̀ yìí lọ́dún 1871. Ṣáájú ìgbà náà, ayàwòrán ní láti da èròjà sójú gíláàsì fúnra rẹ̀, kó sì yára yàwòrán kó tó gbẹ. Àpòpọ̀ tuntun yìí ṣeé sá gbẹ, ó ṣeé dì sínú páálí, ó sì ṣeé kó wọ ọkọ̀ òkun. Nígbà tí Neils Walwin Holm, tí wọ́n bí ní Accra, ṣí stúdíò tirẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1886, ayé fọ́tò ti ń yí padà.

Ṣùgbọ́n jẹ̀látíìnì kò fẹ́ràn ooru. Ìwé tó máa ń bá èròjà wá sọ pé kí omi tutù tó ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí irú omi bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́sàn-án oṣù kẹta? Bí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́ jù, ojú bébà á wú, á máa ṣí kúrò létí létí. Nítorí náà, òru ni ọ̀gá mi fi ń ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi àmù la fi ń po èròjà, a sì máa ń fi álọ́ọ̀mù sínú èròjà kan tí à ń pè ní háípò kí jẹ̀látíìnì lè le. Lábẹ́ gílóòbù pupa, irun àti bàtà dúdú ló máa ń kọ́kọ́ yọ nínú abọ́. Aṣọ funfun ló ń kẹ́yìn.

Háípò ló ń kó fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò fọwọ́ kàn kúrò. Ṣùgbọ́n tí háípò fúnra rẹ̀ bá ṣẹ́ kù sára bébà, á máa jẹ àwòrán náà díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún, títí yóò fi pọ́n. Ó di dandan ká máa pààrọ̀ omi léraléra fún bíi wákàtí kan. Orí la fi ń ru omi yẹn. Ìjọba tuntun ń gbààyàn síṣẹ́, oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ pásípọ́ọ̀tù kíá. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti rẹ̀ lè fo omi ìkẹyìn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọgbọ́n púpọ̀ wà nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1978, lẹ́yìn tó ti bá àwọn ayàwòrán ṣiṣẹ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ìbejì kan bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sójú bébà kan náà, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pa pọ̀. Èmi ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó ṣàánú ju ìyẹn lọ. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí fọ́tò irun dídì, yàrá òkùnkùn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn lọ́dún 1954.

Fọ́tò aláwọ̀ dé, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì yí àwọn yàrá wa padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Láyé òní, wọ́n ń ta àpòpọ̀ fàdákà kan náà nínú ìgò. Wọ́n á ki ìgò náà bọ omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 40 kí ó lè yọ́, wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára pákó, aṣọ tàbí òkúta lábẹ́ iná pupa. Ooru tí a fi òru sá fún náà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́! Ó wù mí kí ọ̀dọ́ kan ní Ìjàre kùn ún sára pákó ìrókò, kó tẹ fọ́tò àwọn àgbà wa sí i.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fọ́tò ògiri yín kalẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó sábà rí òǹtẹ̀ stúdíò níbẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọdún. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ náà, kí ẹ má fi bírò kọ ọ́, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ògiri tí òjò ń jò sí.