Fédération du Málì: ìjọba àpapọ̀ tó lo oṣù méjì lẹ́yìn òmìnira

Fédération du Málì ni ìjọba àpapọ̀ tí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé fẹ́ dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1959. Mẹ́rin ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀: Sẹ̀nẹ̀gàl, Soudan (tó di Málì lónìí), Haute-Volta, àti Dahomey tiwa. Kò pẹ́ tí àwa àti Haute-Volta fi yẹra. Ẹ wò ó, a ò bá Sẹ̀nẹ̀gàl pààlà, a ò bá Soudan náà pààlà. Nìjẹ̀r àti Tógò la jọ ń ná ọjà.

Sẹ̀nẹ̀gàl àti Soudan gba òmìnira pọ̀ ní 20 oṣù kẹfà 1960. Lẹ́yìn oṣù méjì, tí kò tó trimestre kan níléèwé, ó tú ká. Modibo Keïta fẹ́ kí ìjọba àárín lágbára; Senghor àti Mamadou Dia fẹ́ kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan di tirẹ̀ mú. Wọ́n tún ń jà lórí ẹni tí yóò jẹ ààrẹ. Ní 20 oṣù kẹjọ, Dakar ní òun ti jáde. Wọ́n mú Keïta, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin dá a padà sí Bamako. Ni Bamako bá ti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin náà pa títí di 1963.

Conseil de l'Entente ni Dahomey bá lọ ní oṣù karùn-ún 1959, pẹ̀lú Côte d'Ivoire, Haute-Volta àti Nìjẹ̀r. Tógò wọlé ní 1966. Àpò owó ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n jọ dá, kò sí ìjọba kan tó ga ju èkejì lọ. Lójú tiwa, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tú ká.

Irú rẹ̀ ti wà rí ní Parakou níbí: OCBN, tí Dahomey àti Nìjẹ̀r jọ dá ní 1959, kí ọkọ̀ ojú irin lè gbé ẹrù láti Kùtọnu wá síbí, kí ọkọ̀ akẹ́rù wá gbé e dé Nìjẹ̀r.