Ohun Tí Idẹ Kò Lè Sọ

Láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ ara wọn ki ọta ìbọn nílé, àṣà kan wà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún bí òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba kọ́ ló ṣe é. Ẹni tó bá ki ọta tán á tò ó sínú páálí tàbí àpótí oníke, á sì lẹ ìwé mọ́ ọn. Orí ìwé yìí ló ń kọ irú ìbọn tí ọta náà wà fún sí, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀tù inú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, bí òjé orí rẹ̀ ṣe wúwo tó, ọjọ́ tó kì í, àti iye ìgbà tí ìkarahun idẹ náà ti la iná kọjá. Àwọn kan rò pé wọ́n kàn ń fara wé páálí aláràbarà ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn fi hàn pé ìwé yìí di dandan nígbà tí ọta fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀ mọ́, nǹkan méjì ló sì gba ẹ̀rí náà lẹ́nu rẹ̀: ìkarahun tó ṣeé tún kì, àti ẹ̀tù tí kì í rú èéfín.

Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, bébà ni ìkarahun ọta tí ọ̀pọ̀ ológun ẹlẹ́sẹ̀ ń lò. Wọ́n á ká a bí ọ̀pá tín-ín-rín, òjé á wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi gíréènì 60 ẹ̀tù dúdú á sì tẹ̀ lé e. (Gíréènì 7,000 ló wà nínú pọ́n-ùn kan.) Mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń dì í, pẹ̀lú ìṣáná 12 (ohun kékeré tó ń tan iná sí ẹ̀tù) nínú ìdì kan náà, kí èyí tó bá jábọ́ lọ́wọ́ ológun má baà dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹgbẹ̀rún kan ló ń wọ àpótí onípákó. Ìwé ìlànà àwọn ọmọ ogun ti 1861 pa á láṣẹ pé kí wọ́n kun àpótí kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tó bá irú ọta inú rẹ̀ mu, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí inú ọmọrí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ dídì yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 1862, ẹ̀tù gbiná ní Allegheny Arsenal nílùú Pittsburgh, ó pa ènìyàn 78, àwọn obìnrin wọ̀nyí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ ibi iṣẹ́ ló ń wà lára àpótí, kì í ṣe tiwọn, ohun ìbànújẹ́ ló sì jẹ́ pé iṣẹ́ tó gba ẹ̀mí wọn kò tọ́jú orúkọ wọn. Ní ìhà Gúúsù, ìdàrúdàpọ̀ ló gbòde. Òjé tó wọ ìbọn .58 ìnṣì lè há sínú ìbọn Enfield tí ihò rẹ̀ jẹ́ .577, pàápàá bí ìdọ̀tí ẹ̀tù bá ti dì sínú rẹ̀. Nítorí irú wàhálà báyìí ni wọ́n ṣe fi John W. Mallet ṣe olórí àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọta ní 1862, kó lè mú gbogbo wọn bá ara wọn mu.

Síbẹ̀, bébà ní oore kan: ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ológun bá ti fi eyín já a, ó parí. Kò sí ìkarahun tó lè padà wá pẹ̀lú ohun mìíràn nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdẹ ilẹ̀ wa tó ń ki ṣakabùlà kò nílò ìwé kankan, nítorí ẹni tó ki ìbọn náà ló máa yìn ín, kò sì ní pẹ́ kó tó yìn ín. Ìgbà tí ọta bá ti ń dúró fún oṣù tàbí ọdún, tó sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ń dìde.

Ní 1873, ìjọba Amẹ́ríkà mú ìbọn Springfield oní-.45 wọlé. Ràífù àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gba ẹ̀tù gíréènì 70, ìbọn kúkúrú àwọn ẹlẹ́ṣin sì ń gba 55, ṣùgbọ́n ìkarahun kan náà ni, òjé gíréènì 405 kan náà ló sì wà lórí méjèèjì. Ẹni tó bá kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ kò lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti oṣù Kẹta 1877, Frankford Arsenal ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í lu àmì sí ìdí ìkarahun: R fún ràífù, C fún ìbọn kúkúrú, F fún Frankford, àti nọ́ńbà tó ń tọ́ka oṣù àti ọdún. Ọgbọ́n tó dára ni, torí àmì náà ń bá ọta lọ síbi gbogbo, páálí ì báà ti fà ya. Ní àkókò yẹn, òótọ́ ni ohun tó sọ, nítorí inú ìkarahun bàbà náà ni ìṣáná fara pa mọ́ sí, kò sì ṣeé tún kì.

Ní nǹkan bíi 1882, ìkarahun tí ìṣáná rẹ̀ wà ní ìta, tó ṣeé yọ, tó ṣeé pààrọ̀, dé. Àwọn ológun ń ṣa ìkarahun wọn jọ lẹ́yìn ìdánrawò, wọ́n ń fi irinṣẹ́ tí ìjọba fún wọn tún un kì ní bárékè. Ìkarahun tó ní R nídìí lè wá gbé ẹ̀tù díẹ̀ àti òjé rọ́bótó fún ìdánrawò inú ilé. Lẹ́tà náà ṣì wà níbẹ̀ gbọnyin, ọdún rẹ̀ ṣì hàn, ṣùgbọ́n ìtàn ìbí ìkarahun nìkan ló ń sọ. Ẹni tó bá ní àmì ìdí ọta ti tó, kò sídìí fún ìwé, ibí yìí ni kó wò. Idẹ lè sọ ẹni tó ṣe é. Kò lè sọ ẹni tó kì í gbẹ̀yìn.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí àwọn tó ń pa ẹfọ̀n ní pápá ìwọ̀-oòrùn láàárín ọdún 1870 sí 1880 fi ń tún ọta kì ní àgọ́ wọn láìlẹ ìwé mọ́ nǹkan kan, tí kò sì ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀tù dúdú. Ìkarahun tí wọ́n pè ní .45-70 ń kún dẹ́nu pẹ̀lú gíréènì 70 rẹ̀; èèyàn kò lè bu ìlọ́po méjì sí i, àfi kó dà sílẹ̀. Irinṣẹ́ tí John Barlow bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní New Haven ní 1884, lábẹ́ orúkọ Ideal, dàgbà sínú ayé tí ife kékeré kan tó fún ìwọ̀n. Lọ́dún yẹn gan-an, ní ilẹ̀ Faransé, Paul Vieille ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Nígbà tó fi máa di 1895, ilé iṣẹ́ Winchester ti ń ta ọta .30-30 tó ń lo irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọdẹ. Ẹ̀tù tuntun náà lágbára débi pé díẹ̀ nínú rẹ̀ tó. Nínú àwọn ìkarahun kan, èèyàn lè bu ú lẹ́ẹ̀mejì, kí àyè ṣì kù, kí òjé sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúkọ ẹ̀tù pẹ̀lú wá di ọ̀ràn ẹ̀mí, nítorí ìwọ̀n tó tọ́ fún ẹ̀tù kan lè fọ́ ìbọn bó bá jẹ́ òmíràn ni. Títí dòní, páálí ọta ìbọn ẹyẹ ṣì ń fi ìwọ̀n ẹ̀tù dúdú tí kò sí nínú rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n agbára rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn tó ń rà á mọ̀ nìyẹn nígbà tí ẹ̀tù yí padà.

Àwọn mìíràn ní òfin ló fa ìwé yìí. Òfin ìbọn tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá 1968 sọ pé ẹni tó bá ń ṣe ọta fún títà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń kì í fún ìlò ara rẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ yẹn, òfin náà kò sì ní kó lẹ ohunkóhun mọ́ páálí rẹ̀. Bí òfin bá ni orísun rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà ni ìbá mọ sí.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ìwé náà lè purọ́. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń da ọta àtúnkì padà sínú páálí ilé iṣẹ́ tó ti ṣófo, kí wọ́n má baà ra tuntun. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìfagi lé ohun tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ síbẹ̀ ti fi orúkọ ẹni ẹlẹ́ni bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì burú ju páálí tí kò ní ìwé rárá lọ, nítorí ẹni tí kò rí nǹkan kà á ṣọ́ra. Ohun tí èyí fi hàn ni pé òǹkàwé ń gba páálí gbọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ohun tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ó ku ẹni tó ní òun mọ ohun tóun kì, òun kò nílò àkọsílẹ̀. Ó lè mọ̀ ọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n ọta tí wọ́n tọ́jú síbi gbígbẹ lè pẹ́ ju ẹni tó kì í lọ, páálí rẹ̀ á sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tàbí opó rẹ̀. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí kì í yin ọta àtúnkì tí wọn kò mọ orísun rẹ̀. Wọ́n á kì í bọ inú irinṣẹ́ kan tó rí bí òòlù, wọ́n á máa gbá a mọ́lẹ̀ títí òjé á fi yọ, wọ́n á sì da ẹ̀tù inú rẹ̀ nù, nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan kò lè sọ irú ẹ̀tù tó jẹ́. Òjé àti ìkarahun idẹ ni wọ́n ń tọ́jú láti tún lò.