Ọdún 1962 àti Tẹ́ńpìlì Híńdù ní Odorkor

Tẹ́ńpìlì Hindu Monastery of Africa wà ní Odorkor, ní Accra, tí títì Kaneshie sí Mallam là láàrin òun àti Dansoman. Ọmọ Gánà ló dá a sílẹ̀, ọmọ Gánà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀. Àlàyé tó wọ́pọ̀ nípa bí ẹ̀sìn Híńdù ṣe dé Gánà ni pé àwọn sójà tó ja ogun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló gbé ìròyìn agbára awo Íńdíà wálé, tí sinimá sì wá tàn án kálẹ̀. Olùwádìí Albert Kafui Wuaku fún irú ìròyìn báyìí láàyè nínú ìwé rẹ̀ ti 2013. Òótọ́ ni pé ìròyìn náà jà ràn-ìn, ṣùgbọ́n ìròyìn nìkan kò lè bí ìjọsìn.

Wíwá agbára yàtọ̀ sí ìfọkànsìn. Ẹni tó ń wá agbára á sanwó, á gba òrùka tàbí oògùn, á bá tirẹ̀ lọ. Olùfọkànsìn á tún padà wá: á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á dúró níwájú ère Krishna tàbí Shiva, wọ́n á máa fi iná yí ère náà po, agogo á máa dún. Lóòótọ́, ẹnì kan náà lè jẹ́ méjèèjì. Àìsàn ló kọ́kọ́ gbé àwọn míì wá. Síbẹ̀, ohun tó mú wọn wá kọ́ ló dá wọn dúró.

Ọdún tí wọ́n máa ń fojú fò ni 1962. Kwesi Essel, ọmọ Senya Beraku tí wọ́n bí ní 1937, ẹni tó dá tẹ́ńpìlì náà sílẹ̀, ti dá Divine Mystic Path Society sílẹ̀ ní Accra lọ́dún náà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Divine Life Society ti Rishikesh ní Íńdíà, ṣùgbọ́n 1975 ni Swami Krishnananda tó sọ ọ́ di Swami Ghanananda Saraswati. Ẹgbẹ́ ti wà fún ọdún 13 kí oyè tó dé! Ibi tó yẹ kí a wá gbòǹgbò ìfọkànsìn yìí sí ni àwọn ìjọ aládùúrà bíi Musama Disco Christo Church ti 1922, níbi tí ààwẹ̀, ìran rírí àti ìwòsàn ti mọ́ àwọn ènìyàn lára. Rishikesh kàn fún ìfọkànsìn tó ti wà nílẹ̀ ní ìlànà ni.

Ní ti àwọn oníṣòwò Sindhi láti Íńdíà, tí ẹnì kan lè rò pé àwọn ló mú ẹ̀sìn náà wá, wọ́n ti wà ní Accra ṣáájú ogun náà, wọn kò sì wàásù fún ẹnikẹ́ni.

 

Ghanananda kú ní 2016. Bó bá jẹ́ òkìkí agbára rẹ̀ nìkan ló ń pe èrò, tẹ́ńpìlì náà ì bá ti dá páropáro. Iná ṣì ń jó níwájú ère.